Olójú-Owó àti Àbúrò Rẹ̀

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá fẹ́ bá a jà, ẹ kàn sọ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n ni. Olójú-Owó ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ó sì ń jẹ́ orúkọ náà tìyangàn-tìyangàn. Bíríkì ló ń sun. Ibi iṣẹ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn ìlú, níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀ tó sì pupa, kò ju ìrìn wákàtí kan lọ sí odò tó pààlà láàárín orílẹ̀-èdè tiwọn àti èyí tó wà lódìkejì. Ààrò ńlá méjì ló wà níbẹ̀, àti àtíbàbà gígùn kan tí wọ́n ń to bíríkì tútù sí kó lè gbẹ, àti kòtò amọ̀ tí bàbá rẹ̀ ti ń gbẹ́ kí wọ́n tó bí i.

Bí orúkọ náà ṣe jẹ́ nìyí. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ìjọba rán ayàwòrán kan jáde kó lọ wá ojú òṣìṣẹ́ tí wọn yóò yà sára owó bébà tuntun. Ayàwòrán náà dé ibi tí wọ́n ti ń sun bíríkì, ó bá ọkùnrin wa níbẹ̀ pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo. Ó ní kí wọ́n ru bíríkì mẹ́jọ mẹ́jọ, ó sì ya wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ yà. Ẹ̀gbọ́n dúró lójú oòrùn títí ọrùn fi fẹ́ẹ̀ kán. Lẹ́yìn náà ló ya àbúrò. Nígbà tí ayàwòrán ń palẹ̀ mọ́, ó fa bébà kan ya nínú ìwé rẹ̀, ó rún un mọ́wọ́, ó sì tì í bọ àpò. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá bébà ẹ̀gbọ́n ni tàbí ti àbúrò.

Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, owó tuntun jáde. Lára bébà mẹ́wàá, ìyẹn owó bébà tí iye rẹ̀ jẹ́ mẹ́wàá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó ru bíríkì, ojú rẹ̀ ń wo ọ̀kánkán bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Ẹ̀gbọ́n ní òun ni. Àbúrò ní òun ni. Àwọn aládùúgbò wo owó, wọ́n wo àwọn méjèèjì, wọn ò rí nǹkan kan sọ, nítorí àwọn ọmọ yìí jọra bí ìgbà tí èèyàn fi àpótí kan náà yọ bíríkì méjì. Wọ́n bi ìyá wọn. Ìyá ní ọmú kan náà ni àwọn méjèèjì mu, òun ò sì ní fi ẹnu ara òun pín ọmọ òun níyà. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí sàréè.

Eré ni ìjà náà kọ́kọ́ jọ. Ìgbà tí bàbá wọn kú, tí àwọn ẹbí péjọ láti sọ̀rọ̀ ogún, ni ẹ̀gbọ́n dìde tó ní òun ò lè bá àbúrò òun da ilé iṣẹ́ pọ̀, pé ẹni tó bá lè jí ojú ẹni ẹlẹ́ni, kí ló kù tí kò ní jí. Àbúrò yọ bébà mẹ́wàá kan, ó nà án sókè, ó sì ní kí gbogbo ẹbí wò ó dáadáa. Ni ẹ̀gbọ́n bá gbé àpótí ìyọ-bíríkì tó wà nílẹ̀, ó fi gbá a lẹ́nu. Eyín iwájú kan dá. Àbúrò tu ẹ̀jẹ̀ dànù, ó kó aṣọ rẹ̀, ó kọjá odò, kò sì padà wá.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọjá. Bí ẹnikẹ́ni bá bi Olójú-Owó nípa àbúrò rẹ̀, a ní ààlà ni kò jẹ́ kí àwọn ríra. Ìwé ìrìnnà ńkọ́? Òǹtẹ̀ ńkọ́? Owó ibí kì í ṣe owó ibẹ̀, kí wọ́n tó ṣẹ́ ẹ tán ó ti já sí méjì, ta ni yóò fi ìdajì owó rẹ̀ lọ kí ẹbí? Àwọn tó ń gbọ́ a mi orí, wọn a ní òótọ́ ni. Òun fúnra rẹ̀ mọ̀ nínú ikùn pé oore ni ààlà ń ṣe òun.

Láàárín àkókò yìí, ojú tó wà lára owó ń ṣiṣẹ́ fún un. Bó bá wọ ọkọ̀ èrò, a yọ bébà mẹ́wàá, a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, awakọ̀ a rẹ́rìn-ín, a ní kó máa lọ. Ojú yẹn ló fi fẹ́ ìyàwó rẹ̀, aránṣọ tó kọ́kọ́ rò pé ó ń parọ́. Ó sì gùn ún débi pé bí oníbàárà bá ní bíríkì rẹ̀ wọ́n jù, èsì kan ló ní: ẹni tí ojú rẹ̀ wà lára owó ló mọ ohun tí owó tó. Àwọn èèyàn rà á, nítorí kò sí ẹlòmíràn nítòsí tó ní ààrò ńlá, wọ́n sì kórìíra rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí omi ṣe ń rin ògiri láti ìsàlẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, rédíò sọ pé orílẹ̀-èdè mẹ́fà tó fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn ti fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Owó kan ṣoṣo ni gbogbo wọn yóò máa ná. Ọjà yóò máa kọjá láìsan owó bodè. Ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ lódìkejì, kó di ẹrù rẹ̀ kó lọ. Wọ́n dá oṣù mẹ́fà fún owó àtijọ́; lẹ́yìn ìyẹn, báńkì nìkan ni yóò máa gbà á.

Olójú-Owó jókòó ti rédíò náà, ó ń dúró kí wọ́n sọ ojú ẹni tí yóò wà lára owó tuntun. Wọ́n sọ ọ́. Wọ́n ní àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jókòó títí, wọn ò fohùn ṣọ̀kan, torí ẹni tó jẹ́ akọni ní ìhín, ọ̀daràn ni lọ́hùn-ún. Níkẹyìn, wọn ò ya ojú ẹnì kankan. Igi ni wọ́n yà, àti afárá, àti ẹja.

Ó pa rédíò. Ó ní òun ò tíì rí ẹja tó ru bíríkì rí láyé.

Ìyàwó rẹ̀ ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Ó ní, “Bàbá Dúdúyẹmí, ẹja ò bá yín jà. Ẹ jẹ́ ká jẹun.”

Dúdúyẹmí ni ọmọ wọn kan ṣoṣo, obìnrin tó ti sún mọ́ ọgbọ̀n ọdún, tó ń bá bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́, tó mọ ìgbà tó yẹ kí iná ààrò rẹlẹ̀ àti ìgbà tó yẹ kó ga. Ọgbọ́n orí bàbá rẹ̀ wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ìyá rẹ̀ ló ní.

Owó tuntun dé. Láàárín oṣù kan, ìyá ilé ti ń ra òwú tó ń ti òdìkejì wá ní iye tó dín, ó sì ń kọrin nídìí ẹ̀rọ. Ní ti ọkọ rẹ̀, ìlú ń rí ẹ̀san gbà. Ní ilé búrẹ́dì, ọmọge tó ń tajà fi ìka méjì gbá bébà mẹ́wàá rẹ̀ mú bí ẹni mú èkúté ní ìrù, ó ní òun á gbà á lónìí, kó má mú u wá mọ́. Awakọ̀ èrò kan tó ti ń gbé e lọ́fẹ̀ẹ́ fún ogún ọdún na ọwọ́ sí i pé kó sanwó. Nígbà tó ń sọ̀kalẹ̀, ẹnì kan nínú ọkọ̀ ní, “Owó ti lọ, ojú ló kù.” Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, òun náà sì mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín kì í pa ààrò. Ohun tó ń pa ààrò dé ní oṣù kejì. Bíríkìlà kan tó jẹ́ oníbàárà rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ wá sọ fún un pé òun ò rà mọ́. Ó ní tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá sọ iye bíríkì ní òdìkejì, orí òun ò gbé e, nítorí owó ọ̀tọ̀ ni, owó bodè tún wà lórí rẹ̀. Nísinsìnyí, ọmọ ọdún mẹ́jọ lè ṣírò rẹ̀. Ọgọ́rùn-ún bíríkì jẹ́ ọgọ́fà lọ́wọ́ Olójú-Owó. Lọ́hùn-ún, ọgọ́rin ni, ọkọ̀ wọn a sì gbé e dé ẹnu ọ̀nà ẹni. Bíríkìlà náà mú ọ̀kan lára ti òdìkejì dání. Ó gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì, ó sì lọ.

Olójú-Owó gbé bíríkì náà, ó yí i po. Ó fi èékánná kàn án, ó dún bí agogo. Ó fi òòlù là á sí méjì: ó pọ́n dénú, kò sí dúdú kankan láàárín. Ó wá wo etí rẹ̀. Wọ́n ti fi wáyà tó rin omi gé etí náà nígbà tó ṣì tútù, gígé tó dagun díẹ̀ sí ọwọ́ òsì. Èèyàn méjì péré ni bàbá rẹ̀ kọ́ ní irú gígé bẹ́ẹ̀ láyé. Ó jókòó. Dúdúyẹmí bi í pé kí ló dé. Ó ní kò sí.

Ní ọjọ́ kejì, ó lọ sí ẹnubodè. Ọ̀gá aṣọ́bodè tó ti mọ̀ fún ọjọ́ pípẹ́ wà níbẹ̀, ó jókòó sórí àga oníke, ó tú bọ́tìnnì aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Olójú-Owó fi ẹ̀sùn kàn: àwọn kan ń kó bíríkì wọ ìlú, wọ́n fẹ́ ba iṣẹ́ ọmọ onílẹ̀ jẹ́, kí ìjọba dá wọn dúró. Ọ̀gá náà nawọ́ sí ọ̀pá ìdábùú ọ̀nà tó ti ga sókè. Ó ní, “Bàbá, ẹ̀fúùfù nìkan ló ń mi ọ̀pá yìí báyìí. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n wá hú u. Ìgbà tí wọ́n bá hú u, kí ni kí èmi gan-an máa ṣọ́?” Lójú wọn báyìí ni lọ́rì mẹ́ta kọjá, awakọ̀ kankan ò tilẹ̀ tẹ bíréèkì.

Bí òfin kò bá ràn án lọ́wọ́, ó ní ọwọ́ ni òun yóò lò. Àwọn abíríkì kéékèèké mẹ́sàn-án tí àwọn náà ń sun bíríkì wà káàkiri ẹ̀yìn ìlú, àwọn tí kò kà sí èèyàn tẹ́lẹ̀. Ó lọ bá wọn nílé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sọ fún wọn pé ebi ń bọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n yí àgbá dí ọ̀nà, wọ́n sì dúró. Dúdúyẹmí wà níbẹ̀, kì í ṣe pé ó fara mọ́ ọn, ó wá ṣọ́ bàbá rẹ̀ ni.

Lọ́rì bíríkì dé, ó dúró. Ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Irun rẹ̀ ti funfun, ṣùgbọ́n ìrìn rẹ̀ kò yí padà, ojú rẹ̀ sì ni ojú Olójú-Owó bí ẹni pé wọ́n gbé dígí síwájú rẹ̀. Nígbà tó la ẹnu, àyè eyín kan ṣófo níwájú.

Olójú-Owó ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Ta ló fún ọ láṣẹ kó o kó bíríkì wọ ìlú yìí?”

“Òfin ni,” ni àbúrò wí. “Bíríkì ò gba ìwé ìrìnnà mọ́. Èmi náà ò gbà á mọ́.”

“Ṣé o fẹ́ pa mí ni?”

“Ìwọ?” Àbúrò wò ó láti òkè dé ilẹ̀. “Mi ò ní àsìkò fún ìwọ.”

Àwọn abíríkì wo ara wọn. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n gbọ́ lọ́jọ́ náà, èyí ló wọ̀ wọ́n lára jù, pé àbúrò pe ẹ̀gbọ́n tó bá lókè eèpẹ̀ ní ìwọ lójú ayé. Àbúrò kò tíì parí.

“Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi pè ọ́ ní ẹ̀yin nínú ọkàn mi. Ó ti tó. Ò ń ta ọgọ́rùn-ún bíríkì ní ọgọ́fà, kò sì jinná dénú, torí o kì í fẹ́ fi igi ṣòfò. Èmi ń ta tèmi ní ọgọ́rin. Owó kan náà ni gbogbo wa ń ná báyìí, kò sí ibi tí o lè sá pamọ́ sí. Bí o bá fẹ́ kí n padà sílé, lọ sun bíríkì tó dáa ju tèmi lọ. Àgbá yẹn ò lè sun bíríkì.”

Ọ̀kan nínú àwọn abíríkì náà yí àgbá tirẹ̀ kúrò lọ́nà. Èkejì tẹ̀lé e. Kí lọ́rì tó kọjá tán, méjì nínú wọn ti ń béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ bóyá wọ́n ń gba òṣìṣẹ́ lọ́hùn-ún. Olójú-Owó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, eruku lọ́rì bò ó. Bí Dúdúyẹmí ṣe fẹ́ bá a gbọn aṣọ rẹ̀, ó gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù.

Oṣù méjì lẹ́yìn èyí, obìnrin kan tó wọ awò wá sílé wọn láti olú-ìlú, fáìlì wà lábẹ́ apá rẹ̀. Ó ní Àjọ àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan fún owó àtijọ́, àwọn sì ń wá ìtàn àwọn tí ojú wọn wà lára rẹ̀. Ìlú ló júwe ibí fún òun. Ara Olójú-Owó yá gágá. Ó ní kí ìyàwó òun gbé àga tó dáa jáde. Ó sọ ìtàn ayàwòrán, ó sọ ti oòrùn, ó sọ ti ọrùn tó fẹ́ẹ̀ kán, obìnrin náà sì ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tó parí, obìnrin náà yọ bébà kan jáde nínú fáìlì. Ó ní ẹ̀dà iṣẹ́ ọwọ́ ayàwòrán náà gan-an ni, àwọn rí i nínú àpótí kan ní ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Ojú náà nìyẹn, ìyẹn ojú tó wà lára owó. Ayàwòrán ti kọ ọ̀rọ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́: abíríkì, ọmọ ogún ọdún.

Olójú-Owó ka ọ̀rọ̀ náà sókè lẹ́ẹ̀kan. Ó tún un kà. Gbogbo ìgbà tó ti ń ro ọjọ́ náà, kò rò ó débi bébà tí ayàwòrán rún mọ́wọ́. Ó wá rí i pé gbogbo ìdúró tí òun dúró nínú oòrùn yẹn, inú àpò ayàwòrán ni àwòrán òun bá lọ.

Obìnrin náà fi kálàmù lé e lọ́wọ́. Ó ní kó fọwọ́ sí i pé òun ni, wọn yóò sì gbé fọ́tò rẹ̀ kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó náà. Olójú-Owó tẹ̀ síwájú, ó sì fọwọ́ sí i.

Ẹnu ọ̀nà ni Dúdúyẹmí dúró sí. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́: “Bàbá, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún ni yín lọ́dún yẹn. Bàbá mi kékeré ló jẹ́ ogún.”

Ìyá ilé wo ilẹ̀. Obìnrin onífáìlì ń wo kálàmù.

“Jáde,” ni bàbá rẹ̀ wí.

Dúdúyẹmí jáde. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí, ó ti kọjá odò, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nídìí ààrò bàbá rẹ̀ kékeré. Kò gba ìwé kankan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó lọ. Òfin tuntun ò béèrè rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú ló máa ń wá wo ìyá rẹ̀. Bó bá kí bàbá rẹ̀, bàbá a wo ojú fèrèsé.

Ọjọ́ tí wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé pé. Olójú-Owó wọ kóòtù, ó wọ ọkọ̀ lọ sí olú-ìlú, ó sanwó ọkọ̀. Nínú gbọ̀ngàn tútù kan, fọ́tò rẹ̀ wà lára ògiri, orúkọ rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀. Ìdùnnú rẹ̀ kò tó bó ṣe rò. Ó rí obìnrin onífáìlì, ó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì bi í bóyá ó dé ọ̀dọ̀ àbúrò òun.

Obìnrin náà kò fẹ́ sọ. Nígbà tó rí i pé bàbá kò ní kúrò níwájú òun, ó ní iṣẹ́ òun ni, òun gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀. Ó ní òun fi bébà náà han àbúrò rẹ̀, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó sì ní kí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n òun síbẹ̀.

“Ó sọ ìdí?”

“Ó ní, ‘Òun ló nílò rẹ̀.’”

Akọ̀ròyìn kan dé lákòókò náà, ó ní kí bàbá gbé owó àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kí òun ya fọ́tò. Ó gbé e síbẹ̀. Ìwé ìròyìn jáde lọ́jọ́ kejì, gbogbo ìlú rí i. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ní ojú bàbá dà bí ojú ẹni tí wọ́n fi iyọ̀ àti ata sí lójú.

Kí ọdún tó parí, ààrò àkọ́kọ́ tutù, èkejì tẹ̀lé e. Àbúrò rán Dúdúyẹmí pé òun á ra kòtò amọ̀ náà ní iye tó dáa, ó ṣe tán, kòtò bàbá àwọn méjèèjì ni. Olójú-Owó ní kí ó lọ sọ fún ẹni tó rán an pé òun á kúkú da pàǹtírí dí i. Àlejò kan tó ń wá ibi tí yóò ti máa sin ẹja ló tà á fún, ní iye tí kò tó ìdajì. Nígbà tó ń fọwọ́ síwèé, ó ní ẹja ti bá òun dé ilé báyìí, ibo ló tún kù. Ẹni tó rà á kò mọ ohun tó ń wí.

Ní ìgbà òjò, ògiri ẹ̀yìnkùlé wọn wó. Ìyá ilé kò bi ẹnikẹ́ni. Owó iṣẹ́ aṣọ rẹ̀ ló fi ra bíríkì, lọ́rì sì já a sẹ́nu ọ̀nà, bíríkì pupa, tó mọ́ etí, tó dagun díẹ̀ sí ọwọ́ òsì. Ọkọ rẹ̀ ní kó dá a padà. Ìyàwó ní kò sí ohun tí òun ń dá padà. Bí ó bá mọ ibòmíràn tí bíríkì wà ní ọgọ́rin, kó lọ rà á wá kí ilẹ̀ tó ṣú.

Bíríkìlà dé, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Olójú-Owó gbé àga rẹ̀ lọ sí ìgun ilé, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn. Ìró òòlù ń dé etí rẹ̀. Ó fara dà á fún ìlà méjì. Ní ìlà kẹta, ó yí orí padà.

“Fi omi rin bíríkì yẹn kó o tó gbé e lé e. Ṣé o fẹ́ kó mu gbogbo omi inú símẹ́ńtì tán ni?”

Bíríkìlà dúró, ó rẹ́rìn-ín. “Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ ò fẹ́ rí bíríkì yìí?”

“Ẹni tó sun ún ni mi ò fẹ́ rí,” ni bàbá wí. “Bíríkì ò ṣe mí ní nǹkan kan. Rin ín.”

Bíríkìlà bu omi. Nígbà tí oòrùn fi ń wọ̀, ògiri ti ga dé èjìká èèyàn, ó tọ́ bí okùn, bàbá sì ti bá wọn tú ìlà kan ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, Dúdúyẹmí wọlé, ó kí i, bàbá sì dáhùn, ọ̀rọ̀ kan péré. Ní ti àbúrò rẹ̀, títí di òní, ọ̀nà ṣí sílẹ̀ láàárín wọn, kò sí ọ̀pá, kò sí òǹtẹ̀, ìrìn wákàtí kan ni, kò sì sí èyí tó tíì rìn ín lọ bá èkejì.